Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìyá: ṣé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ olùkà kan ní Ìkéré-Èkìtì:

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka ìwé The School for Good Mothers tí Jessamine Chan kọ, èyí tí ẹ ní kí a wá kà. Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n lójú tèmi ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ta ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nítorí pé ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì? Ọmọ mẹ́jọ ni yèyé wa bí. Oko ni wọ́n máa ń lọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwa ọmọ a sì wà nílé, kò sí ẹni tó pè wọ́n ní ìyá burúkú rí. Ṣé kì í ṣe pé àwọn obìnrin ayé òde òní ló ń di ẹrù tí kò sí ẹni tó ní kí wọ́n rù?

* * *

Ó yẹ kí àwọn tí kò tíì ka ìwé náà mọ ohun tí a ń jà lé lórí. Ìwé ìtàn àròsọ ni, ó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Obìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí ń jẹ́ Frida Liu. Ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Ṣáínà ni, ìlú Philadelphia ló ń gbé, ó sì ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ọkọ rẹ̀, Gust, ti fi í sílẹ̀ tọ ọmọge kan lọ nígbà tí ọmọ wọn, Harriet, ṣì kéré gan-an. Nígbà tí Harriet pé ọmọ oṣù 18, etí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, òun àti ìyá rẹ̀ kò sì rí oorun sùn. Ní ọjọ́ kan báyìí, Frida gbé ọmọ náà sínú àga ìṣeré rẹ̀, ó sáré jáde lọ ra kọfí, ó gba ibẹ̀ kọjá sí ibi iṣẹ́ láti mú ìwé kan tó gbàgbé, ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà láti dáhùn àwọn lẹ́tà tó ti ń dúró dè é. Ó ti ju wákàtí méjì lọ kí ó tó gbọ́ pé àwọn aládùúgbò ti gbọ́ ẹkún ọmọ, wọ́n sì ti pe ọlọ́pàá.

Láti ìgbà náà ni ìjọba ti wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi kámẹ́rà sí ilé rẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ bí ó ṣe ń jókòó àti bí ó ṣe ń sunkún. Adájọ́ wá ní kí ó lọ lo ọdún kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyá bí wọn yóò ṣe jẹ́ ìyá rere, tàbí kí ó gbàgbé ọmọ rẹ̀ pátápátá. Inú ọgbà tó jẹ́ yunifásítì tẹ́lẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Wọ́n fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní ọmọláńgidi tó ní ẹ̀rọ nínú, tó ń ké, tó ń sá kiri, tó sì ń pe ìyá ní màmá. Kámẹ́rà wà nínú ọmọláńgidi yìí, ó sì ń wọn bí ọkàn ìyá ṣe ń lù, ibi tí ojú rẹ̀ ń wò, àti bí ó ṣe pẹ́ tó tó fi gbá ọmọ mọ́ra. Àwọn ìyá náà sì gbọ́dọ̀ máa fi ẹnu ara wọn sọ pé ìyá burúkú ni àwọn, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń dára ni.

Mo gbà pẹ̀lú yín pé kò sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní Adó tàbí ní Ìkéré. Ṣùgbọ́n ẹ tún ojú ìwé náà ṣí, kí ẹ wo àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ìyá kan wà tó bá Frida pín yàrá, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ó fi àkẹ́bàjẹ́ ba ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti pé ọdún 17 jẹ́. Ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ jẹ̀bi, ẹni tí kò lè fi ọmọ sílẹ̀ jẹ̀bi, yàrá kan náà ni wọ́n sì kó wọn sí. Ìyẹn ni ìwé náà ń sọ, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kàn tẹ̀ lé e ni. Kò sí máàkì kankan tí obìnrin lè gbà níbẹ̀ tí wọn yóò fi ní ó yege, àwọn tó sì ń fún un ní máàkì kò bá a gbé ọmọ rí.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ yèyé yín. Nígbà tí wọ́n bá lọ sí oko, ta ló máa ń wà nílé? Ẹ kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà nínú agboolé ní Èkìtì mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé oko mọ́, tí ojú rẹ̀ sì wà lára gbogbo ọmọ tó ń rákòrò. Ìyàwó ilé mìíràn wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọn kò tíì jẹ́ kó jìnnà sílé. Ọmọbìnrin tí kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ ti pọn àbúrò rẹ̀, ó ń fi í ṣe eré kiri àgbàlá. Yèyé yín fi yín sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi yín sí. Frida kò ní ẹni tí yóò fi ọmọ sí lọ́wọ́. Ẹ̀bá Chicago ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ọkọ ti lọ, àwọn aládùúgbò tó mọ nọ́ńbà ọlọ́pàá kò sì fi hàn pé àwọn mọ orúkọ rẹ̀.

Ní òde òní, ọmọbìnrin kan láti Ọ̀mùò fẹ́ ọmọkùnrin kan láti Ìlawẹ̀, wọ́n gba yàrá méjì ní Adó, ọkọ rí iṣẹ́ sí Àbújá, ó ń wálé ní ìparí oṣù. Ìyá ìyàwó kò lè fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ìyàwó onílé ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ayálégbé yòókù kì í sí nílé lọ́sàn-án. Ojú tó ń wo ọmọ ti dín kù, ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ ìyá ọmọ kò dín kù, àfi kí ó pọ̀ sí i, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ tó wà ní Èkó ti lè rí àwòrán ọmọ lórí WhatsApp, kí ó sì béèrè ìdí tí ọrùn ọmọ fi tín-ín-rín.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a máa sọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ bí ẹni pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ló sin ọmọ, tí wọ́n sì tún gba orúkọ burúkú lé e. Nígbà tí ìrọbí bá pẹ́, wọ́n a ní kí aboyún jẹ́wọ́ ọkùnrin tó bá lò pọ̀ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń kú léraléra, wọ́n a ní àbíkú ni, ojú a sì máa yí sí ara ìyá tàbí ìyá ọkọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í wo bàbá. Ẹ ní kò sí ẹni tó pe yèyé yín ní ìyá burúkú rí. Bí wọ́n bá ṣì wà láyé, ẹ bi wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́, nígbà tí ẹlòmíràn kò bá sí nítòsí.

* * *

Olùkà kan tó ní nọ́ọ̀sì ni òun ní apá Ìdó bínú sí mi díẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ràn bí mo ṣe ń gbè sẹ́yìn àwọn ìyá, nítorí pé ojoojúmọ́ ni àwọn ń kọ́ wọn ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń dá orin ọmú ìyá pẹ̀lú wọn, síbẹ̀ tí wọ́n ń padà sílé lọ fún ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní omi àti àgbo. Ó ní àìgbọràn lásán ni.

N kò gbà pé àìgbọràn lásán ni, ó sì tọ́ kí a jà á dáadáa, nítorí pé kò sí ibi tí ẹrù àwọn ìyá ti hàn gbangba tó èyí. Ohun tí ẹ ń kọ́ wọn dára: ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí ògì. Èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ń sọ, ó sì ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà fún obìnrin tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 péré, ó sì gbà kí mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ ṣáájú ìbímọ. Owó tó dájú pé yóò gbà kò ju ìdajì owó oṣù rẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ọmú nìkan yóò sì ṣì kù ju oṣù mẹ́rin lọ. Òfin náà ní kí ọ̀gá iṣẹ́ fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú, èyí tó dára lójú ìwé. Bí ọmọ bá wà ní Adó, tí ìyá sì ń kọ́ni ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé, ìdajì wákàtí náà kò tó láti dúró de ọkọ̀. Bí ó bá ní òun yóò fún ọmú sínú ìgò kí ó tó kúrò nílé, inú ẹ̀rọ amómitutù wo ni yóò gbé e sí bí iná bá lọ? Mo sì ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ní ìsinmi rárá. Ẹ bi àwọn olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni mélòó kan bóyá ẹnikẹ́ni ti ka òfin yẹn sí wọn létí.

Ní ọwọ́ kejì ni ìyá ọkọ wà. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi wá láti bá mi tọ́jú ọmọ, n kò sì lè san oore wọn tán. Àwọn ni wọ́n ń jí lóru, àwọn ni wọ́n ń gbé omi gbígbóná kaná, àwọn ni wọ́n ń gún iyán kí n lè rí ọmú fún ọmọ. Ṣùgbọ́n lójú wọn, ọmọ tí wọn kò fún ní omi ni wọ́n fi òùngbẹ jẹ níyà, wọ́n sì ń fi ṣíbí fún un ní omi nígbà tí mo bá sùn. Nígbà tí ọmọ ṣu gbuuru, nọ́ọ̀sì kan béèrè lójú gbogbo ènìyàn pé ìyá wo ni kò gbọ́ ohun tí àwọn kọ́ ọ. Èmi ni mo dìde. Nígbà tí mo délé tí mo sì ní kí a má fún un ní omi mọ́, ìyá ọkọ mi ké sí àwọn ẹbí pé ìyàwó òyìnbó ni ọmọ àwọn fẹ́. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ọmọ náà. Kò sí èyí tó ń purọ́. Ẹni tó jẹ̀bi nílé ìwòsàn tó sì tún jẹ̀bi nílé ni ẹnìkan ṣoṣo tí kò ní ọ̀nà láti tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́, ẹ pe ìyá ọkọ wá síbi ẹ̀kọ́ náà. Ẹ pe ọkọ pẹ̀lú. Ẹ dẹ́kun kíkọ́ ẹni tí kò ní àṣẹ nínú ilé.

* * *

Ọkùnrin kan láti Ìjerò kọ̀wé pé fóònù ló ba àwọn ìyá ìwòyí jẹ́, ọmọ a máa ké, ìyá a máa wo fídíò. Ó ṣẹlẹ̀, mo ti rí i. Mo tún ti rí àwọn bàbá níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù láti ọ̀sán Sátidé títí di alẹ́, kò sì sí ẹni tó kọ̀wé sí mi láti Ìjerò nípa wọn.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóyá àwa pẹ̀lú ní ohun tí a fi ń wọn ìyá bí ti àwọn ọmọláńgidi inú ìwé yẹn. A ní i, kò kàn gba bátìrì ni. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó gbé ọmọ ọwọ́ wọ ọkọ̀ láti Adó lọ sí Ìkọ̀lé ní oṣù kejì, nígbà tí oòrùn ń jó ni, kí ó má sì dé e ní fìlà. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ìdíkọ̀ ni ìyá kan lẹ́yìn yóò ti ní atẹ́gùn ń wọ orí ọmọ. Bí ó bá dé fìlà fún un, ìyá kejì yóò ní ooru fẹ́ pa ọmọ. Bí ọmọ bá ké, wọn yóò ní kí ó fún un lọ́mú. Bí ó bá fún un lọ́mú, ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò yí ojú sí fèrèsé bí ẹni tí wọ́n dá lóró. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ, mo mọ̀. Bí ó bá wá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, báàgì àti ike omi, ẹ wo iye àwọn tí yóò bá a di nǹkan kan mú nínú wọn.

* * *

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ni ẹni mẹ́ta kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà n kò lè fò ó. Àwọn obìnrin wà láàárín wa tí wọ́n bí ọmọ alààyè, tí àwọn náà wà láàyè, tí wọ́n sì ń fi pa mọ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà ní wọn kò bímọ bí obìnrin. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, àdúrà tí a ń gbà fún aboyún ni pé kí ó bí bí àwọn obìnrin Hébérù. Mo máa ń ṣe àmín, n kò kọ àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, nínú Ẹ́kísódù orí kìn-ín-ní. Àwọn agbẹ̀bí ló sọ ọ́ fún Fáráò, nígbà tó ní kí wọ́n máa pa àwọn ọmọkùnrin, tí wọn kò sì pa wọ́n. Wọ́n ní àwọn obìnrin Hébérù lágbára, wọ́n ti ń bímọ kí àwọn tó dé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dáàbò bo àwọn ìyá àti ọmọ wọn lọ́wọ́ ọba ni. Àwa ti sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí obìnrin tó bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ yóò fi rí ara rẹ̀ bí ẹni tó kùnà. Dókítà á ní ó yá, ẹbí á ní kí a dúró díẹ̀ kí a gbàdúrà sí i, ọmọ á sì máa rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún.

* * *

Ọmọ Èkìtì kan tó ń gbé ní London kọ ọ̀rọ̀ tó gùn, n ó kàn mú kókó rẹ̀. Ó ní àwa tí a wà nílé lè máa ka ìwé yìí bí àròsọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn lójoojúmọ́. Olùkọ́ lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ ohun tó jẹ lálẹ́ àná àti ẹni tó nà án. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè kanlẹ̀kùn. Ó mọ ẹbí kan tó kó ọmọ wálé sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Èkìtì, kí iṣẹ́ òru má baà di ẹjọ́. Ó wá ní kí n má fi òkè òkun ṣe ibi burúkú o, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ló gba ọmọ kan tí òun mọ̀ là lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ebi pa á.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú mi dé ibi tí mo ti fẹ́ dé tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń kọ̀wé bí ẹni pé Frida kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣe é. Ọmọ oṣù 18 kò gbọ́dọ̀ wà nílé ní òun nìkan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a má tíì sọ wákàtí méjì. Òǹkọ̀wé náà kò sì fi pa mọ́, kò sọ Frida di áńgẹ́lì, ìdí nìyí tí ìwé náà fi lágbára lójú mi. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tí kò ṣẹ̀ rárá ni wọ́n fìyà jẹ, gbogbo wa ì bá káàánú rẹ̀, a ì bá sì pa ìwé dé. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ wa le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìyá tó ṣẹ̀ ní tòótọ́, kí ni ó yẹ kí a ṣe fún òun àti ọmọ rẹ̀?

Ní àdúgbò tí a gbé tẹ́lẹ̀ ní Adó, ọmọ kan ń ké ní ilé kejì ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn lọ sí ọjà. Alágbàfọ̀ kan gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé, ó gbé ọmọ, ó wẹ̀ ẹ́, ó fi ògì tó kù nílé tirẹ̀ bọ́ ọ, ó sì pọ̀n ọ́n títí ìyá fi dé. Ohun tí àwọn aládùúgbò Frida kò ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá ń sọ pé àṣà wa dára jù, ó lè dúró níbẹ̀ kí ó pàtẹ́wọ́. Èmi kò dúró níbẹ̀, nítorí pé kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo òpópónà ti gbọ́. Wọ́n bú obìnrin náà lójú ọmọ rẹ̀, wọ́n dárúkọ rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn onílé, ọmọ ìjọ rẹ̀ kan sì lọ sọ fún pásítọ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó lọ ṣe ní ọjà. Ọjà ọrọọrún ló kó ẹrù lọ, ibẹ̀ nìkan ló ti ń rí owó, ọmọbìnrin tó máa ń bá a gbé ọmọ ti padà sí ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ náà. Àdúgbò yẹn ṣe ohun méjì ní ọjọ́ kan náà, a sì ń yin ọ̀kan bí ẹni pé èkejì kò ṣẹlẹ̀.

Olùkà kan ti fèsì sí mi pé, ta ló yẹ kí ó sọ̀rọ̀ nígbà náà, ṣé kí a dákẹ́ kí ọmọ kú ni? Rárá. Nàìjíríà ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti ọdún 2003, Èkìtì sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó sọ ọ́ di òfin tiwọn. Ẹni tó bá rí ọmọ tí wọ́n ń jó lọ́wọ́ tàbí tí wọ́n fi ebi pa, kí ó lọ sọ ọ́ fún àwọn tí òfin yàn, kí ó sì tẹ̀ lé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ọmọbìnrin tí yóò bá a gbé ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé onílé. Ẹni tó bá lè sọ pé "gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ ọjà" ló ní ẹ̀tọ́ láti bá a wí. Bí ẹ kò bá lè gbà á fún ọ̀sán kan, ẹ fi ìbáwí yẹn sínú.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìjọba wa kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, ẹ ti gbàgbé ẹbí. Nínú ìwé náà, ọ̀dọ̀ Gust àti ìyàwó rẹ̀ tuntun ni Harriet ń gbé nígbà tí Frida ń kọ́ bí a ṣe ń gbá ọmọláńgidi mọ́ra. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ìyàwó bá kó jáde, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹbí ọkọ yóò sọ ni pé ọmọ ni ti bàbá, àwọn ti san owó orí. Wọn yóò kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá ní abúlé, ìyá yóò sì máa gba ọ̀nà ilé-ìwé lọ kí ó lè rí wọn lójú. Òfin tí mo dárúkọ lókè sọ pé ohun tó dára jù fún ọmọ ni kí kóòtù wò, kò sọ ọ̀rọ̀ owó orí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lọ sí kóòtù tàbí sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin ní Adó. Ẹ má ṣe dúró de ìpàdé ẹbí nìkan, níbi tí gbogbo àwọn adájọ́ ti jẹ́ àbúrò ọkọ.

Àwọn bàbá náà ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn nínú ìtàn yìí. Frida pàdé ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí ọmọ rẹ̀ jábọ́ láti orí igi nígbà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó ya àwọn ìyá lẹ́nu ni pé ìjìyà ti àwọn bàbá fúyẹ́ ju tiwọn lọ, wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí wọ́n ti gba àǹfààní yẹn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí mi pé àsọdùn ni. Kí ó bá mi dé ibi àbẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọjọ́ tí bàbá kan bá gbé ọmọ wá. Wọn yóò kí i, wọn yóò yìn ín, wọn yóò sì sọ pé kí ó bọ́ síwájú, àwọn ìyá tí wọ́n ti jókòó láti òwúrọ̀ ni yóò sì yà fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi náà ti yà fún ọ̀kan rí. Inú mi dùn pé ó wá. Inú mi ì bá dùn jù bí ó bá dúró lórí ìlà.

* * *

Ìbéèrè méjì tó kẹ́yìn. Ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ béèrè bóyá kí òun ka ìwé náà. Rárá, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ máa sùn lóru. Apá tí wọ́n ti ń ka iye ìṣẹ́jú àti iye ìgbà tí ọkàn ìyá lù kò dára fún ẹni tí oorun ń pa. Bí ẹ bá sì ń sunkún láìsí ìdí, tí ọmọ kò wù yín ún gbé, ẹ sọ fún àwọn tó ń yẹ̀ yín wò nílé ìwòsàn. Àìsàn tó ń ṣe abiyamọ ni, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìkéré tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ tún kọ̀wé pé ìyàwó yín fẹ́ kí ẹ tún ìwé náà kà pẹ̀lú òun, pé ẹ ti kà á tán lẹ́ẹ̀kan, kí ni ẹ tún fẹ́ wá níbẹ̀. Ẹ tún un kà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn bàbá ti wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí òun ni yóò máa kà á sókè, kí ẹ̀yin gbé ọmọ lọ́wọ́.